Ọ̀dà Pupa Tó Rá Mi Lọ́wọ́

Ẹ di okùn ìwọ̀n yẹn mú dáadáa, ẹ má jẹ́ kó dẹ̀. Sìdíkátù, ìwọ ni kí o máa kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé tìrẹ ló ṣeé kà jù. Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi tó kù, ẹ jókòó sórí pèpéle yẹn kí n lè máa rí ojú yín. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ nísàlẹ̀ àdúgbò, katapílà ni. Ó ti wó ilé márùn-ún láti àárọ̀. Mo mọ̀ nítorí pé bó bá wó ọ̀kan tán, á dákẹ́ díẹ̀ kí eruku lè rọlẹ̀, kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ilé mẹ́ta ló kù kó tó kàn wá. Ẹrù wa ti wà nílé ìyá yín ní Marcory láti àná, kò sí ohun tó kù níbí àfi àwa àti ògiri. Ẹ jẹ́ ká wọn ògiri náà.

Ẹ̀gbọ́n yín Mọ́ríámọ̀ ló ní ká wọ̀n ọ́n. Ọdún kẹta rẹ̀ rèé ní Pólàǹdì, níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ yíya ilé sórí ìwé. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, mo bi í pé irú ilé wo ni wọ́n ń gbé, nítorí pé ilé ni mo mọ̀ láyé mi. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí mo fi ta ìṣó, àgádágodo, páànù àti ọ̀dà ní ọjà Adjamé ní Abidjan yìí. Kò sí ilé tí mo máa wò tí n kò ní mọ ohun tó mú un dúró. Mọ́ríámọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù Sìdíkátù, ní ọjọọjọ́ Àìkú, à á kó ara wa jọ sábẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, à á máa wò ó.

Èyí àkọ́kọ́, ilé igi ni, ilé àwọn ará oko wọn láyé àtijọ́. Wọ́n to ìtì igi léra wọn, wọ́n gé ẹnu rẹ̀ ní igun kí ọ̀kan lè há mọ́ èkejì. Mọ́ríámọ̀ ní òmíràn wà nínú rẹ̀ tí kò ní ìṣó kan ṣoṣo. Mo ní kó má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ létí mi mọ́, kí ni kí ẹni tó ń ta ìṣó wá jẹ? Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó fi ilé ìjọsìn wọn ránṣẹ́, bíríkì pupa tí wọ́n fi iná sun bí ẹni sun ìkòkò, ó ga, fèrèsé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, orí fèrèsé náà ṣe ṣóńṣó. Ó fi ilé àwọn oníṣòwò wọn ránṣẹ́, tí iwájú orí rẹ̀ dà bí obìnrin tó wé gèlè ròde. Mo fẹ́ràn ìyẹn, ó jọ pé àwọn oníṣòwò ibi gbogbo ló fẹ́ kí ayé mọ̀ pé ọjà tà. Lẹ́yìn náà ló wá kan ilé kọnkéré tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ogun, gàgàrà, gbogbo rẹ̀ jọra bí páálí súgà. Ó ní ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń da ògiri rẹ̀, wọ́n á kàn fi ẹ̀rọ gbé e léra wọn. Mo ní, "Mọ́ríámọ̀, èyí ò yàtọ̀ sí ti ibí." Ó ní, "Bàbá, kò sí ibi tí kò dé."

Yàrá yìí, ti ìyá mi ni. Mélòó lo pè é? Trois mètres vingt, mítà mẹ́ta ó lé ogún sẹ̀ǹtímítà. Kọ ọ́. Kọ ọ́ pé fèrèsé rẹ̀ kọjú sí kànga, nítorí pé ó fẹ́ máa rí ẹni tó bá ń fa omi rẹ̀.

Àwa náà ní tiwa. Ní Ìgbòho, kí bàbá mi tó tẹsẹ̀ bọ̀nà wá síbí, ilé alámọ̀ ni wọ́n ń gbé, koríko ni wọ́n fi bò ó. N kò dé inú rẹ̀ rí, ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ní nínú ọ̀sán gangan, inú rẹ̀ tutù bí omi àmù. Nígbà tó dé Abidjan, ilé pákó ló bá, pákó àpótí ẹrù tó bá ọkọ̀ ojú omi wọlé. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Lẹ́tà àwọn òyìnbó wà lára ògiri wa, bóyá orúkọ ọṣẹ ni, bóyá ti sìgá ni, n kò mọ̀ títí dòní, nítorí pé iléèwé kéú ni wọ́n fi mí sí, n kò kọ́ ti Faransé. Bí aládùúgbò bá húkọ́, ìyá mi á ní "pẹ̀lẹ́ o" láti ibi tó jókòó sí. Bí wọ́n bá yan ata ní yàrá kìíní, yàrá kẹfà ló máa sín. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, ọ̀rọ̀ ò ṣeé gbọ́ mọ́, ọwọ́ la fi ń júwe fún ara wa. Ọdún iléyá kan, àgbò bàbá Làmídì, aládùúgbò wa, já okùn, ó kan pákó wa fọ́, ó wọlé bá bàbá mi lórí ẹní ìrun. Bàbá mi kò já ìrun. Ó kí i tán, ó sálámà, ó wo àgbò náà lójú, ó ní, "O pẹ́ dé." Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé fúláàtì, ẹ ò mọ orúkọ ẹni tó ń rìn lókè orí yín. N kò sọ pé ti àtijọ́ dáa jù. Èéfín wà níbẹ̀, yànmùyánmú wà níbẹ̀, iná sì bà wá lẹ́rù ju olè lọ.

Ó tún ti dákẹ́. Ilé méjì ló kù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe wó ilé pákó yẹn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ òní ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan báyìí, àwọn ọkùnrin oníkákí wọ àdúgbò pẹ̀lú agolo ọ̀dà. Ilé tí wọ́n bá dé, wọn á ka àwọn ènìyàn inú rẹ̀, wọn á kọ nọ́ńbà sára ìlẹ̀kùn. Bàbá mi wà lọ́jà. Ìyá mi rí kákí ẹ̀wù wọn láti òkèèrè, ó tì wá mọ́lé, ó fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Wọ́n kànkùn, wọ́n kànkùn, wọ́n lọ. A rò pé a ti jàjàbọ́. Kò pé oṣù kan, wọ́n padà wá pẹ̀lú òòlù. Ilé tó ní nọ́ńbà, ó wà nínú ìwé, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ilé tí kò ní, wọ́n wó o. Ilé bàbá Làmídì ní nọ́ńbà, ó dúró ṣinṣin. Tiwa tó fara tì í wó lulẹ̀. Mo gbé ìkòkò ìyá mi dání, mo dúró lójú ọ̀nà, mo ń wo ibi tí mo sùn mọ́jú, oòrùn ń ta sí i.

Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá mi ti máa ń wí pé, "Ilé tí kò lámì, ilé afẹ́fẹ́ ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi tọ́ wa. Nígbà tó kọ́ ilé yìí, ara rẹ̀ ló da búlọ́ọ̀kù rẹ̀, yàrá kan lọ́dún kan. Yàrá mẹ́jọ kọjú síra wọn yí àgbàlá ká, bí àwọn ará ibí ṣe ń ṣe é, èyí tí wọ́n ń pè ní la cour. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè kọ́ ilé kó má ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyẹn ló ṣe gbé òpó mẹ́rin yìí dúró, bí ti Ìgbòho. Ẹ wo òpó kẹta, ó wọ́. Ọjọ́ tó ń dà á ni wọ́n wá sọ fún un pé mo bọ́ sínú kànga ilé kejì. Ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sáré wá. Ẹ̀ka igi tó há síbẹ̀ ni mo dì mọ́ títí tó fi fà mí jáde. Nígbà tó fi máa padà, símẹ́ǹtì ti gan. Ó ní kó wà bẹ́ẹ̀.

Kí ó tó kó ẹní wọ ilé yìí, ó kọ́kọ́ lọ bẹ akọ̀wé kan kó wá kọ nọ́ńbà sí i. Dix-sept, mẹ́tàdínlógún. Láti ìgbà náà, bó bá ku ọ̀la kí a jáwẹ̀, gbogbo ilé á kun ara ògiri ní ẹfun, àkọ́bí ọkùnrin á sì fi ọ̀dà aláwọ̀ aró tún nọ́ńbà náà kùn, kí òjò má baà pa á rẹ́. Bí a kò bá tíì tún un kùn, ìyá mi kì í dáná ọdún. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà tí bàbá mi fi búrọ́ọ̀ṣì lé mi lọ́wọ́. Ẹ wò ó níbẹ̀, ó ṣì ń dán. Ọwọ́ mi kò yẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́dún kankan.

Ẹ wá rí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ sọ.

Ṣáájú òjò tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì kan wá pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Wọ́n fa ìlà méjì kọjá lórí ara wọn, wọ́n kọ nọ́ńbà kékeré sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n kọjá lọ. Wọ́n ṣe ti Làmídì lódìkejì títì, wọ́n ṣe tiwa. Inú mi dùn. Mo ní dix-sept ti gbó, ìjọba ti fún wa ní nọ́ńbà tuntun. Sìdíkátù ń sáré lọ wọ ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé e dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Plateau, láàárín Abidjan. Ó dúró, ó wò ó. Sọ ohun tí o wí fún mi lọ́jọ́ náà fún wọn, Sìdíkátù.

"Mo ní, 'Bàbá, croix yìí, àmì àgbélébùú pupa yìí, ò dáa o. Ẹ jẹ́ ká lọ bèèrè ní mairie, lọ́dọ̀ ìjọba ìlú.'"

Kí ni mo fi dá ọ lóhùn?

"Ẹ ní ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má rá a lọ́wọ́."

Ẹ gbọ́ ọ. Mo tún bú u mọ́ ọn, mo ní àwọn ọmọ tó kàwé ló ń bẹ̀rù ohun gbogbo. Ó lọ wọ ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tí òjò wá dé, ọ̀dà wọn kò dáa, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn án lọ. Mo rántí ìkòkò tí mo gbé dání lójú ọ̀nà. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo mú ọ̀dà elépo pupa, èyí tó dáa jù tí mò ń tà, mo gun orí àpótí, mo fi ọwọ́ ara mi tún un kùn, ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Làmídì jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tó ń wò mí. Ó ní kí n bu díẹ̀ fún òun, ti òun ti ń pa rẹ́. Mo ní n ó bù ú sínú agolo fún un tó bá dọ̀la. Mo gbàgbé. Àwọn ará àdúgbò tó ń bẹ̀rù wá bi mí, nítorí pé èmi ni mo dàgbà jù. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ilé tí kò lámì, ilé afẹ́fẹ́ ni. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, orí wọ́ lójú mi.

Ọ̀gbẹ́ni kan wá lẹ́yìn òjò pẹ̀lú ìwé. Ó ń wo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ èyí tó rí àmì lára rẹ̀. Nígbà tó dé tiwa, ó fi ìka kan ọ̀dà náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi Faransé sọ fún mi pé mo ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bu omi tútù fún un, ó mu ún.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ni lèmọ́mù ka ìwé tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí wa létí. Wọ́n fẹ́ fẹ ojú àgbàrá kí omi yé gbé ènìyàn lọ, ilé tó bá ní àmì pupa ni wọ́n máa wó. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ sí i, oṣù kan ni wọ́n fún un láti ọjọ́ tí wọ́n fi àmì sí i. Oṣù náà ti pé, ó ti lé ọ̀sẹ̀ méjì. Mo jókòó sórí ẹní mọ́sálásí. Mo wo ọwọ́ mi, ọ̀dà pupa ṣì wà nínú èékánná mi. Ẹ sì mọ̀ pé ọ̀dà elépo kì í jẹ́ kí omi àlùwàlá kan ara. Mo ti ń fi epo òyìnbó fọ̀ ọ́, kò lọ tán. Nígbà tí mo délé, ìyá yín àgbà mú abẹ, ó jókòó tì mí, ó ń ha á níkọ̀ọ̀kan. Mo sunkún lójú rẹ̀, mo sì ń sọ fún yín nítorí pé kò sí ohun tí mo fẹ́ fi pamọ́ mọ́.

Ó tún ti dákẹ́. Ọ̀kan ló kù. Ẹ yára wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti òpó dé òpó.

Ti Làmídì ni ẹ fẹ́ bi mí, mo rí i lójú yín. Òjò pa tirẹ̀ rẹ́ pátápátá, ọ̀gbẹ́ni oníwèé yẹn kò kọ ọ́. Wọ́n ní kó mú ìwé ilé rẹ̀ wá, pé àwọn máa tún ojú ìlà àgbàrá wò. Ilé rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ yẹn. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń wá kí mi, ilẹ̀ ló máa ń wò. Nígbà ilé pákó àti lónìí, ilé wọn dúró, tiwa ń lọ. Sìdíkátù ní tiwa ti wà nínú ìwé wọn tẹ́lẹ̀, pé bí mo tún un kùn bí n kò tún un kùn, ọ̀kan náà ni. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé àánú mi ló ṣe é tó fi sọ bẹ́ẹ̀.

Mọ́ríámọ̀ kò tù mí nínú nígbà tó gbọ́. Ọ̀rọ̀ olú ìlú àwọn ará Pólàǹdì ló sọ fún mi. Ó ní nígbà ogun, àwọn ọ̀tá wó o nílé-nílé, wọ́n tilẹ̀ fi iná sí èyí tí kò tètè wó. Nígbà tí ogun tán, àwọn onílé padà wá bá òkìtì bíríkì. Mo ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Ní àárín ìlú àtijọ́ yẹn, bó ṣe wà ni wọ́n ṣe kọ́ ọ padà." Ó ní kí ogun tó dé, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti wọn àwọn ilé náà, wọ́n ti yà wọ́n sórí ìwé, wọ́n sì fi ìwé náà pamọ́ kí ọwọ́ àwọn ọ̀tá má baà tó o. Wọ́n tún lo àwòrán tí ayàwòrán ayé àtijọ́ kan ti kùn. Mo bi í pé, "Àwa ńkọ́? Ta ló máa kọ́ tiwa padà?" Ó ní, "Mi ò mọ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n tí a ò bá wọ̀n ọ́n, kò sí ẹni tó máa lè bèèrè." Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí mi tí mò ń fi orúnkún yìí rá kiri.

Sìdíkátù, fóònù ń dún. Mọ́ríámọ̀ nìyẹn, fi síbi tí gbogbo wa á ti gbọ́ ọ.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ó ku ògiri iwájú. Kí ló wà lára rẹ̀?"

Ìlẹ̀kùn ló wà ní àárín, fèrèsé kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹfun ni gbogbo rẹ̀. Dix-sept wà lókè ìlẹ̀kùn, àwọ̀ aró.

"Òpó kẹta ńkọ́? Ó wọ́ nínú fọ́tò. Ṣé kí n tún un ṣe nínú àwòrán?"

Jẹ́ kó wọ́. Bàbá mi ló ní kó wà bẹ́ẹ̀.

"Èyí tó pupa yẹn ńkọ́, Bàbá? Ṣé kí n yọ ọ́?"

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó bi mí? Má yọ ọ́, Mọ́ríámọ̀. Kùn ún bó ṣe wà. Kí o sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé bàbá àgbà rẹ ló tún un kùn, pé ó rò pé ó ń dáàbò bo ilé.

Katapílà ti dákẹ́. Ó ti ń gbéra bọ̀, ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ìlẹ̀kùn nìkan ló kù. Sìdíkátù, na okùn sókè, èmi á di ìsàlẹ̀ mú. Deux mètres dix. Kọ ọ́. Ó tó, ẹ dìde, ẹ mú bàtà yín, ẹ jẹ́ ká bọ́ síta. Rárá, ẹ má tì í. Ìyá mi tì í lọ́jọ́ kìíní. Ẹ ṣí i sílẹ̀.